Àṣìṣe Tó Dára Ju Èyí Lọ

"Ẹ wá ra àṣìṣe o! Àṣìṣe tí kò lóró, àṣìṣe tí wọ́n ti tẹ̀ka sí, ẹlẹ́rìí rẹ̀ wà láàyè!"

Ọjọ́ ìwọ̀n ni, kò sì sí ẹni tó lè pa Ìyá Aláṣìṣe lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ ìwọ̀n. Láti aago méje òwúrọ̀ ni gbogbo físíò, àwọn tó ń fọwọ́ tọ́jú iṣan àti eegun ní ìlú Òkè-Afẹ́fẹ́, ti tò síwájú Ilé Ìwọ̀n, níbi tí ẹ̀rọ Òṣùwọ̀n ti ń wọn iṣẹ́ wọn, oníkálukú gbé Àpò Ẹ̀rí rẹ̀ kọ́rùn. Orúkọ lásán ni àpò yẹn. Wàláà pẹlẹbẹ kan ni, kò nípọn ju abala búrẹ́dì kan lọ, ó sì ń tàn yanran. Inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tí físíò ṣe láti ọdún mẹ́ta wà: orúnkún tó nà, èjìká tó yí, arọ tó rìn, tòun ti àwòrán àti ọ̀rọ̀ ìyìn. Ẹni tí Àpò rẹ̀ bá dán, ó mọ iṣẹ́ nìyẹn. Bí orúnkún ọ̀hún bá délé tó tún gan, ìyẹn kan ẹni tó ni orúnkún.

Ayọ̀ká wà níparí ìlà. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti ń fọwọ́ tú iṣan ara àwọn èèyàn, láti ìgbà tí èèyàn ṣì lè fi ọwọ́ òfìfo kan aláìsàn láìjẹ́ pé ọlọ́pàá gbé e. Ó wo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnu rẹ̀ sì korò. Àwọn wọ̀nyí ni físíò? Ìdajì wọn ò lè dá àgbàlagbà kan gbé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n tó bá di ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé a gbé e, hẹ̀n-ẹ́n, ta ni yóò bá wọn du ìyẹn?

Bámitálẹ́ ló wà níwájú pátápátá, bó ṣe máa ń wà. Àpò tirẹ̀ ń kọrin. Ó fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn wá sẹ́yìn.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Àǹtí Ayọ̀ká." Ó tẹrí ba díẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀ tán, kó má baà fi ilẹ̀ ba Ojú tó lẹ̀ mọ́ ọn láyà jẹ́. Ojú yẹn kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, kò sì sí físíò tí kò ní. Ohun tí Ojú bá rí nìkan ló ń wọ inú Àpò.

"Káàárọ̀, Bámitálẹ́. Kí ló ń kọrin lọ́rùn rẹ?"

"Ẹ ò tíì fi orin sí tiyín ni? Òṣùwọ̀n fẹ́ràn rẹ̀ mà. Bí aláìsàn bá ń na ẹsẹ̀, tí orin wá ń lọ lábẹ́lẹ̀, máàkì mẹ́ta ló máa ń fi kún un."

"Aláìsàn náà ńkọ́?"

"Aláìsàn wo, mà?"

Tọkàntọkàn ló fi béèrè. Ohun tó ń bí Ayọ̀ká nínú sí ọmọ náà nìyẹn gan-an: kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀. Ìràwọ̀ márùn-ún ń tàn lórí Àpò rẹ̀, ìbọ̀wọ́ àṣẹ rẹ̀, èyí tí físíò ò gbọdọ̀ kan aláìsàn láìwọ̀, mọ́ tónítóní, àwọ̀ ewé rẹ̀ ń dán, ó hàn pé òógùn aláìsàn kankan ò tíì kan án rí. Ìbọ̀wọ́ Ayọ̀ká ti ya lẹ́nu àtàǹpàkò, ó ti fi òwú rán an.

Ìyá Aláṣìṣe ti ta dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Akọ̀wé ni obìnrin náà tẹ́lẹ̀ nínú Ilé Ìwọ̀n, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ lámọ̀dájú ni irú àṣìṣe tí Òṣùwọ̀n ń gbà. Nítorí òfin ní Àpò tí kò bá ní Ojú-Ewé Àṣìṣe kò pé. Kí físíò kọ àṣìṣe kan tó ṣe, kó kọ ẹ̀kọ́ tó rí níbẹ̀, kí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí wá tẹ àtàǹpàkò sí i. Òfin tó dára ni, àwọn tó ṣe é tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Ṣùgbọ́n abala kejì rẹ̀ ní ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ bá gbé aláìsàn ṣánlẹ̀, kí wọ́n ti ọwọ́ rẹ̀ pa fún ọdún méjì, kó má fọwọ́ kan aláìsàn kankan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí abala yẹn, kò sí físíò kan tó tún ṣe àṣìṣe gidi mọ́ ní gbogbo Òkè-Afẹ́fẹ́.

"Ayọ̀ká, ìwọ nìkan ni kò tíì ra ọjà mi rí," Ìyá Aláṣìṣe wí. "Gbọ́ èyí. 'Mo fẹ́ràn àwọn aláìsàn mi débi pé mo máa ń gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán mi. Mo ti wá kọ́ ọ pé ẹni tí ebi ń pa kò lè fi gbogbo ara ṣiṣẹ́.' Ṣé kò dùn?"

"Èébì ń gbé mi, mà."

"Lọ bì í sẹ́yìn odi, kó o padà wá gbà á. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. N ò tilẹ̀ ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀yìn mi tó o tún ṣe lọ́jọ́sí, ṣé o rò pé mo ti gbàgbé ni?"

Kí Ayọ̀ká tó fèsì, ìyá náà ti fi ìka ti ojú-ewé ọ̀hún láti ara wàláà tirẹ̀ sínú ti Ayọ̀ká, ó sì ti kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. "Àṣìṣe rèé o! Èyí tí kò lóró!"

Ó yẹ kí Ayọ̀ká pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un lọ́dún tó kọjá pé òun máa gbé irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ kọ́rùn fún ìṣẹ́jú kan, ì bá ti bú ẹni náà. Ó gbé ìka lé e láti pa á rẹ́. Ó gbé ìka náà kúrò. Ojú-Ewé Àṣìṣe méjì ló wà nínú Àpò rẹ̀ báyìí, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ̀kan láti àná.

Nítorí Bàbá Ọládòkun ni.

Ogójì ọdún ni Bàbá Ọládòkun fi gun òpó afẹ́fẹ́, àwọn òpó fíofío orí òkè tí abẹ̀bẹ̀ wọn ń fún ìlú ní iná. Ó fẹ̀yìn tì láìní àpá kan lára, àfi ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ká a mọ́ orí àga tó ti ń jẹun, tó mú gbogbo apá òsì rẹ̀ lọ. Oṣù márùn-ún ni Ayọ̀ká fi bá ẹsẹ̀ òsì náà sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. "Ẹ má fara lé ẹsẹ̀ tí kò tíì dáhùn, bàbá," ni orin tó ń kọ sí i létí lójoojúmọ́. "Ẹ kọ́kọ́ bi í bó bá wà níbẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn, ẹsẹ̀ náà dáhùn. Bàbá dìde dúró ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọwọ́ Ayọ̀ká wà ní ìbàdí rẹ̀, orúnkún Ayọ̀ká ti orúnkún rẹ̀. Òṣùwọ̀n kì í sì í ka ìdìde kankan sí àfi tí ọwọ́ físíò àti ẹsẹ̀ aláìsàn bá jọ hàn nínú àwòrán kan náà. Ayọ̀ká, tó ti ń fi àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún méjìlá, rántí pé ọdún ìwọ̀n nìyí. Ó yí àyà díẹ̀ kí Ojú lè rí ẹsẹ̀. Ó sì wolẹ̀ wo Ojú náà, bóyá iná rẹ̀ ti tàn. Kò ju kéèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ. Orúnkún òsì yẹ̀, Bàbá lọ sílẹ̀ gbìì, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́.

"Ogójì ọdún lórí òpó, n ò já bọ́," Bàbá wí láti ibi tó sùn sí, ojú rẹ̀ pọ́n fún ìrora, "ó wá di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara mi."

Ojú ò rí i. Àjà ilé ló yà. Kò sí ẹni tó mọ̀ ju àwọn méjèèjì lọ, Ayọ̀ká ì bá sì jẹ́ kó kú síbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti lè bú ẹnikẹ́ni kí èébú náà dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń pe ọmọ ẹlòmíràn ní ẹlẹ́tàn gbọ́dọ̀ lè wo dígí. Ó wo dígí, ó rí obìnrin kan tó fi orúnkún àgbàlagbà ra àwòrán.

Ọrùn ọwọ́ Bàbá ti jinná. Ṣùgbọ́n ìgboyà rẹ̀ ni kò tètè jinná, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbà kí wọ́n dán ìdìde wò, ìdí rẹ̀ ò sì tíì kúrò lórí àga ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Àná ni Ayọ̀ká gbé ojú-ewé tó kọ lọ bá a pé kó tẹ̀ka sí i.

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Kí ni wọ́n máa ṣe fún ọ bó o bá fi èyí hàn wọ́n?"

"Wọ́n á ti ọwọ́ mi, bàbá. Ọdún méjì."

"Ta ló máa wá gbé mi dìde?"

"Ẹni tí Àpò rẹ̀ bá dán jù ni wọ́n máa gbé yín fún."

"Ẹni tí Àpò rẹ̀ dán!" Bàbá pòṣé, ó gùn. "Ṣé Àpò ni mo fẹ́ fi rìn? Gbọ́, Ayọ̀ká. Èmi ni mo ṣubú, èmi náà ni mò ń bẹ̀ ọ́. Lọ purọ́. Jẹ́ kí n dìde ná. Tí mo bá ti dìde tán, kó o wá máa sọ òtítọ́ kó o máa bọ̀."

Síbẹ̀, ó tẹ̀ka sí i. Ó ní òun ò fẹ́ kó wá sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun ló dí i lọ́wọ́ òtítọ́.

"Ìyáàfin Ayọ̀ká, ẹ wọlé!" ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà kígbe.

Látùndé nìkan ló wà nínú yàrá ìwọ̀n, òun àti Òṣùwọ̀n. Ayọ̀ká ló kọ́ Látùndé bí wọ́n ṣe ń mú èjìká nígbà tó ṣì ń wọ ẹ̀wù akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti di Ọ̀gá Ilé Ìwọ̀n báyìí, ọdún kọkànlá rèé tí kò fọwọ́ kan aláìsàn, òun ló sì ń sọ ẹni tó mọ̀ ọ́n fọwọ́ kan aláìsàn. Òṣùwọ̀n jẹ́ ihò dúdú kan lára ògiri. Ó lóhùn bíi ti ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, jẹ́jẹ́, láìní èrò kankan nínú.

"Àpò ti wọlé," Òṣùwọ̀n wí. "Iṣẹ́ ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́rin. Àwòrán kò mọ́lẹ̀ tó. Kò sí orin. Ojú-Ewé Àṣìṣe méjì ni mo rí. Ọ̀kan ni òfin gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọ̀kan."

Látùndé fa wàláà sọ́dọ̀. Ó ka èkíní, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ka èkejì, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

"Òṣùwọ̀n, wo méjèèjì fún mi."

"Ojú-ewé kìíní bá àwọn tí a ti gbà mu dáadáa. Ojú-ewé kejì kò jọ ìkankan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ojú-ewé tó ti wọlé láti ọdún méjìlá. Kò sí físíò kankan tó já aláìsàn sílẹ̀ rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú."

Ayọ̀ká bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dùn, ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró. Èyí tí wọ́n kọ lẹ́yìn odi, tí wọ́n ń kiri bí ẹ̀pà, ìyẹn lòótọ́. Èyí tí eegun èèyàn ṣẹ́ sí ni ayédèrú.

Látùndé tẹ bọ́tìnnì kan lábẹ́ tábìlì, iná Òṣùwọ̀n sì kú. Ó fà sún mọ́ ọn, gbogbo ọ̀gá ti kúrò lójú rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ ò ní àṣìṣe tó dára ju èyí lọ ni?"

"Èyí tí mo ṣe nìyẹn."

"Mo mọ̀ pé ẹ ṣe é! Ta ni ò tíì já aláìsàn sílẹ̀ rí? Èmi náà já méjì sílẹ̀ lójú yín. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹ tún wá kọ ọ́ pé Ojú lẹ̀ ń wò. Pé Ojú ló fà á. Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ nípa ilé yìí?"

"N ò sọ pé Ojú ló fà á. Mo ní èmi ni mò ń wò ó. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, Látùndé. Orúnkún ló yẹ kí n máa wò."

Látùndé na ọwọ́ sí ife tíì rẹ̀, ọwọ́ òsì ló nà, ó sì gbé gbogbo ara tẹ̀ lé e. Ayọ̀ká ti rí i láti ìgbà tó ti wọlé, ojú rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe aláìrí.

"Láti ìgbà wo ni èjìká ọ̀tún yẹn ti gan?"

Ìtìjú mú Látùndé. "Oṣù mẹ́jọ."

"Ta ló ń tọ́jú ẹ?"

"Bámitálẹ́. Ó ṣe oṣù mẹ́rin lórí rẹ̀, ó ti parí."

"Fọwọ́ ọ̀tún kan orí rẹ kí n rí i."

Látùndé gbé ọwọ́ náà. Ó dé ọ̀gangan àyà, ó dúró síbẹ̀, ìrora sì fún ojú rẹ̀ pọ̀.

"Kò tíì parí," Ayọ̀ká wí.

"Nínú Àpò rẹ̀, ó ti parí. Ìràwọ̀ karùn-ún tó ní, èmi ni." Látùndé sọ̀rọ̀ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó tún igun àwòrán náà ṣe títí ó fi dà bíi pé ọwọ́ mi dókè. Orin sì wà níbẹ̀. Kí ni kí n wí? Èmi ni Ọ̀gá Ilé Ìwọ̀n. Bí mo bá jáde lọ sọ pé Àpò purọ́, kí ni mò ń ṣe lórí àga yìí?"

Ayọ̀ká wò ó. Gbogbo ẹ̀gàn tó ti ń kó jọ láti ọdún méjìlá gun orí ahọ́n rẹ̀, kò sì mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ tu sílẹ̀. Ọkùnrin tó ń wọn gbogbo ìlú, kò lè wọn èjìká ara rẹ̀!

"Ẹ gbọ́ tèmi," Látùndé wí. "Ẹ mú ojú-ewé kìíní. Ìbọ̀wọ́ yín á wà ní ṣíṣí. Bàbá yín á rí yín, á sì dìde. Ẹ ó máa yà sí ilé mi lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀, kí ẹ máa bá mi wo èjìká mi jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ta ni ìyẹn pa lára, Àǹtí mi? Ẹ dárúkọ ẹnì kan."

Ayọ̀ká wá orúkọ náà títí, kò rí i. Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, ohun tó sì burú níbẹ̀ nìyẹn. Bàbá ti bẹ̀ ẹ́. Ìyá Aláṣìṣe ti fi ta á lọ́rẹ. Ọ̀gá Ilé Ìwọ̀n ti ṣílẹ̀kùn. Òun nìkan ló kù tí yóò kọjá. Ó wá rí i bó ṣe máa rí: oṣù mẹ́ta sí i, Bàbá dìde, Ojú yà á, ó wọ inú Àpò, ìràwọ̀ kan yọ. Lọ́dún mẹ́ta sí i, òun náà á dúró síwájú ìlà. Bí ọmọdé kan bá wá béèrè lọ́wọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe é, òun á sọ fún un pé kó fi orin sí i. Àbí ọwọ́ wo lòun máa fi di Bàbá mú, tí ọwọ́ náà bá dúró lórí irọ́ nípa oúnjẹ ọ̀sán tí òun kò gbàgbé rí?

Ẹ má fara lé ẹsẹ̀ tí kò tíì dáhùn. Òun ló ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn lójoojúmọ́.

"Tan iná Òṣùwọ̀n," ó wí.

"Àǹtí mi..."

"Tàn án, Látùndé."

Iná tàn. Ayọ̀ká fi ìka pa ojú-ewé kìíní rẹ́. Ojú-ewé kan ló kù.

"A ó ka ojú-ewé yìí sí òótọ́ bí ẹ bá dúró lé e," ohùn ìyàwó tuntun náà wí. "Bí ó bá jẹ́ òótọ́, òfin á ti ọwọ́ yín. Ṣé ẹ dúró lé e?"

"Mo dúró lé e."

Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ dún kẹ́kẹ́, àwọ̀ ewé náà ṣókùnkùn, ó sì gan mọ́ ọn lọ́wọ́ títí ó fi le bí awọ gbígbẹ. Ó fi eyín fà á kúrò ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ojú já bọ́ láyà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì.

"Ọwọ́ ti wà ní títì," Òṣùwọ̀n wí. "Aláìsàn Ọládòkun ti di ti Físíò Bámitálẹ́. Ẹ ṣeun tí ẹ wá."

"Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀," Ayọ̀ká wí, ó ń kó ìbọ̀wọ́ gígan náà sínú báàgì.

"Ṣé ọdún méjì ni ò pẹ́?" Látùndé béèrè. Nígbà tí Ayọ̀ká dé ẹnu ọ̀nà, ó tún pè é, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àǹtí mi, èjìká mi wá ńkọ́?"

"Ó ti sàn," Ayọ̀ká dá a lóhùn. "Lọ wò ó nínú Àpò."

Inú rẹ̀ dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn ìyẹn ló rántí Bàbá.

Oòrùn ti rọ̀ díẹ̀ nígbà tó dé ilé Bàbá Ọládòkun. Bàbá jókòó lórí àga onítáyà rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, níbi tó ti lè máa wo àwọn òpó afẹ́fẹ́ lórí òkè. Kò jẹ́ kó délẹ̀ kó tó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó rí ìka lásán.

"O ò purọ́," Bàbá wí.

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Màá bínú! Àgbà bẹ̀ ọ́, o kọ̀. Ta ni wọ́n gbé mi fún?"

"Bámitálẹ́. Ó ń bọ̀ lónìí."

"Èyí tí Àpò rẹ̀ ń kọrin?" Bàbá gbójú sápá kan. Ayọ̀ká dúró síbẹ̀, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Ó ti ṣe tán láti gbọ́ èébú. Ó tọ́ sí i, òun náà mọ̀.

"Ọwọ́ rẹ ni wọ́n tì," Bàbá wá wí. "Ṣé wọ́n ti ẹnu rẹ náà?"

"Rárá. Òfin ò dárúkọ ẹnu."

"Ṣé wọ́n gba ojú orí rẹ?"

"Wọn ò gbà á."

"Kí lo wá ń dúró dè? Sọ̀rọ̀. Kí ọmọ olórin yẹn tó dé."

Ẹ̀rù ba Ayọ̀ká. Bí Bàbá bá yẹ̀, tóun sì mú un, ọwọ́ òfìfo ni, ẹ̀wọ̀n ni. Bí òun kò bá mú un, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó ti pinnu kó tó ronú tán. "Bí ẹ bá yẹ̀, màá mú yín o, bàbá. Kí ọlọ́pàá wá bá wa níbẹ̀."

"Kí wọ́n wá. Ìjókòó wà."

Ó ní kí Bàbá fúnra rẹ̀ ti bíréèkì àga, àti ọ̀tún àti òsì. Bàbá tì í. Ó ní kó fi ọwọ́ ọ̀tún di irin ojú fèrèsé mú. Ó dì í mú. Ayọ̀ká kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ọ̀kan di èkejì mú kí wọ́n má baà dá ara wọn rán níṣẹ́.

"Ẹ sún ìdí wá sí etí àga. Ẹ fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Òsì ò tíì tó, ẹ fà á sí i. Ó dáa. Ẹ wá tẹrí ba kí imú yín kọjá orúnkún. Ẹ má tíì dìde o. Ẹ bi ẹsẹ̀ òsì bó bá wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀."

"Ṣé ó dáhùn, àbí ẹ̀yin lẹ̀ ń dáhùn fún un?"

Bàbá tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Iṣan iwájú itan rẹ̀ kó jọ, ó gbọ̀n, ó dúró. "Òun ló dáhùn," ó wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ dìde."

Ìdí Bàbá kúrò lórí àga. Ó kọjá ìbú ọwọ́ kan. Ó ga dé ibi tí orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, orúnkún òsì gbọ̀n rìrì bí ewé, Ayọ̀ká sì gbọ́ tí ìka ara rẹ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó ti di wọ́n mú. Kò wo ojú Bàbá, kò wo fèrèsé, kò wo ohunkóhun mìíràn láyé. "Tì í sẹ́yìn," ó sọ fún orúnkún náà, ó gbàgbé ọ̀wọ̀ pátápátá. "Tì í sẹ́yìn, ìwọ ọ̀dájú yìí. Tì í." Orúnkún náà ti ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó nà, ó sì dúró.

Bàbá fa èémí sínú. Ó tú ìka kan kúrò lára irin, ó tú èkejì, títí ó fi ku àtàǹpàkò nìkan. Ó ga. Ayọ̀ká ti gbàgbé pé ọkùnrin gíga ni. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, kò sì nù ún, nítorí ọwọ́ tí yóò fi nù ún wà lẹ́yìn.

Orin ló kọ́kọ́ wọlé, kí Bámitálẹ́ tó tẹ̀ lé e. "Ẹ kú ọ̀sán bàbá, ẹ kú ọ̀sán mà, Àǹtí Ay..." Ó rí Bàbá lórí ìdúró. Ẹnu rẹ̀ là, inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn, ó sì gbé ọwọ́ sí àyà rẹ̀ kíákíá, ó ń tẹ Ojú náà. "Áà, bàbá! Áà! Ojú mi ò tíì tan iná. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ padà jókòó, kí ẹ tún dìde. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

Ayọ̀ká ò yíjú sí i. Orúnkún ló ń wò.

Bàbá Ọládòkun wo ọmọ náà láti òkè, bó ṣe máa ń wo ìlú láti orí òpó nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sì kánjú.

"Ìwọ ni kó o jókòó," ó wí. "Èmi ti dìde."